Sítọ́ọ̀dù táyà ń kán ṣáá: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wẹ́dà jó o

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Típà táyà mẹ́wàá ni mo fi ń kó yanrìn. Láàárín oṣù méjì sítọ́ọ̀dù (irin tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì táyà mọ́) mẹ́ta ti kán lẹ́yìn lápá òsì. Fọkanáísà ní kí n ra ojúlówó, mẹkáníìkì ní ká kúkú jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn kó má baà tú mọ́. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jó nǹkan kan níbẹ̀ o. Iná wẹ́dà á ba agbára irin sítọ́ọ̀dù yẹn jẹ́, tí táyà bá sì jò lójú ọ̀nà lóru, báwo lẹ ṣe fẹ́ tú u? Ọ̀rọ̀ jíjó yìí ń bí mi nínú gan-an.

Ohun tó ń tan gbogbo yín jẹ ni pé ẹ rò pé sítọ́ọ̀dù ló ń gbé ẹrù, bí èèkàn tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́, pé tó bá ṣáà ti nípọn ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa rímù mọ́ họ́ọ̀bù, irin àárín tí wọ́n ń de rímù mọ́, pinpin, tí irin méjèèjì bá ti di ara wọn mú, àwọn ló ń gba ìwúwo yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ bíríkì náà àwọn ló ń gbà á. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gbogbo bí táyà ṣe ń yí á máa tẹ sítọ́ọ̀dù síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíi wáyà téèyàn ń ká lọ ká bọ̀ títí tó fi já. Dídẹ̀ ló ṣáájú kíkán. Ẹ ra ojúlówó, kí rímù ṣì máa mì, ojúlówó náà á kán.

Ẹ wo ojú ibi tó ti kán. Tí apá kan bá jọ̀lọ̀ tó sì ti dípẹtà, tí apá tó kù wá rí hágahàga tó ń dán, ó ti ń sán tipẹ́ kó tó já. Ẹ wo ìpẹtà tó ń ṣàn jáde lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ wo bóyá ihò rímù ti fẹ̀ sápá kan. Rímù tí ihò ẹ̀ ti fẹ̀ tàbí tó sán, ẹ sọ ọ́ nù. Tó bá ń dún kọ́-kọ́ tẹ́ ẹ bá ń rọra yí, ẹ jáàkì ẹ̀ kẹ́ ẹ mì í, torí bẹ́rìn náà lè dún bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ń mú un dẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà ni. Wọ́n á kun rímù nípọn, ẹrẹ̀ àti ìpẹtà á tún wà lójú họ́ọ̀bù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan gbogbo ẹ̀ á fọ́, àyè á ṣí sílẹ̀, nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Táyà méjì-méjì ló wà lẹ́yìn, torí náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha àárín rímù méjèèjì náà.

Tí ẹyọ kan bá kán, ẹ pààrọ̀ òun àti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tiyín ti di mẹ́ta, tó bá jẹ́ ojú họ́ọ̀bù kan náà, gbogbo sítọ́ọ̀dù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà lójú họ́ọ̀bù yẹn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, nọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, èyí tó ń wọn bí wọ́n ṣe de nọ́ọ̀tì le tó, dè é ní ìdojúkọra-ìdojúkọra, kì í ṣe páìpù gígùn tí ọmọṣẹ́ ń fò mọ́, àdèjù náà ń na sítọ́ọ̀dù. Fún sítọ́ọ̀dù M22 (tó nípọn tó mìlímítà 22) onínọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ, 610 sí 680 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè é) ló wọ́pọ̀, àmọ́ ìwé ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tó bá ti rìn tó 80 sí 160 kìlómítà, ẹ tún un dè.

Mi ò tíì fojú rí ọkọ̀ yín o, mi ò lè búra. Àmọ́ ẹ má kó yanrìn kankan sí i lọ́la. Tí wọ́n bá ti tú u, ẹ ya fọ́tò ojú họ́ọ̀bù àti ihò rímù ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó náwó.