Aago Rolex Bàbá Mi: Ṣé Ojúlówó Ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi fi aago ọwọ́ Rolex kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1972. Àwọn àmì wákàtí rẹ̀ ti pọ́n bí oyin, wọn kò sì tàn lóru mọ́. Ẹni tí ń bá mi tún un ṣe fẹ́ fi ojú tuntun sí i. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní bàbá yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí alátùn-únṣe yín fọwọ́ kan ojú aago náà rárá, nítorí pé àìtàn rẹ̀ gan-an ń jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀. Tritium, èròjà tí ń mú kí àmì tàn lóru, ni wọ́n ń kùn sí àmì wákàtí nígbà náà, agbára rẹ̀ sì máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń tàn yòò mọ́jú lónìí, a jẹ́ pé ẹnìkan ti tún ojú rẹ̀ kùn tàbí kí ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ 6 dáadáa: ó yẹ kí ẹ rí lẹ́tà T kékeré, tí ó dúró fún tritium, lẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS.

Bí wọ́n bá yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà irú aago náà lára irin níhà 12, àti nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti aago yẹn nìkan níhà 6. Ìlà nọ́ńbà tòótọ́ máa ń mú, ó sì máa ń dán bí iná bá bà á. Ẹ fura sí èyí tí ó rí bí ohun tí ásíìdì jẹ.

Síbẹ̀, aago lè jẹ́ ojúlówó kí ó má sì rí bí ó ṣe jáde mọ́, torí pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é pẹ̀lú máa ń pààrọ̀ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nígbà àtúnṣe. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á padà.