Lọ́yà ti yẹ ìwé ilẹ̀ mi wò, ṣé mo tún nílò sọ̀fẹ́yọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìmọ̀ lọ́yà yín ní Broad Street kò dé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní Gbàgádà, ìwé ló mọ̀. Á lọ wá a ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìjọba Èkó ní Aláùsá bóyá ẹni tó ń tà á ló ni ín, àti bóyá wọ́n ti fi yá owó. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní ilẹ̀ tó bá ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kí wọ́n tó tà á. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn.

Sọ̀fẹ́yọ̀ ló ń dé orí ilẹ̀. Á ka nọ́ńbà ara bíkìn (òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀) igun kọ̀ọ̀kan, á wọn ọ́n, á wá fi wé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì Surveyor-General, kó lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìwé lè mọ́ tónítóní, kó jẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì ni ọmọ onílẹ̀ mú yín lọ wò. (Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.)

Tó bá jẹ́ ti iye tó yẹ kẹ́ ẹ san, estate valuer ni kẹ́ ẹ bi.

Ẹ rí i pé sọ̀fẹ́yọ̀ náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn sọ̀fẹ́yọ̀ ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó sanwó.