Ọ̀dọ́ pọ̀ nílẹ̀ Òkun, àmọ́ ta ni yóò jókòó ti kajú?

Òkun o, àbúrò. O ní ọ̀dọ́ kún Kàbà, iṣẹ́ ò sí, pé tó o bá dá iléeṣẹ́ kajú sílẹ̀, ṣé òṣìṣẹ́ ò ní wọ́n ọ, bí wọn ò ṣe wọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó ń rán aṣọ ní Bangladesh? Mo ṣe iṣẹ́ yẹn rí ní Ìsánlú. Èèyàn ò ní wọ́n ọ. Àwọn tí yóò dúró ni yóò wọ́n ọ.

Sísè, sísá, fífọ́, bíbó: ẹnikẹ́ni lè fi hàn ọ́. Epo inú èèpo ni kí o bẹ̀rù. Ó ń jó ọwọ́ bí áásìdì. Àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró de JAMB ni mo kọ́kọ́ gbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìka wọn ti dúdú, awọ ti ń ṣí. A fi òróró pa ọwọ́, a wọ ìbọ̀wọ́, abẹ ẹ̀rọ fà á ya. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, ó ní kí n wo ohun tí mo fi ọwọ́ ọmọ òun ṣe. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Kajú odindi ló lówó lórí, èyí tó fọ́ kò tó nǹkan. Kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n fọ́ kó jáde lódindi, àsìkò kajú ti ń lọ. Ìgbà tọ́wọ́ wọn wá yá gan-an ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń gba èèyàn l'Ábújá. Àwọn ọmọkùnrin ò tiẹ̀ dúró débẹ̀. Ọ̀kadà àti POS ń mówó wálé lójoojúmọ́. Kílò ni mo fi ń sanwó, bẹ́ẹ̀ kò síná, ẹ̀rọ ò gbóná, kílò ò jáde.

Ìjọba ńkọ́? Wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀mọ̀wé kan ní ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì ju nǹkan bí ọdún 18 lọ, pé ọrọ̀ lèyí. Wọ́n fún wa ní báírò àti ìrẹsì. Tiransifọ́mà tí wọ́n ṣèlérí, a ò rí i.

Bangladesh tó o dárúkọ yẹn, iléeṣẹ́ aṣọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Desh kó 130 èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ ní Korea lọ́dún 1979. Ọ̀pọ̀ wọn fi Desh sílẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ iléeṣẹ́ aṣọ míì nílé ni wọ́n lọ, àwọn kan dá tiwọn sílẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ ọ̀hún ti gbilẹ̀. Ọdún 1979 yẹn kan náà la dá iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀. O kúkú mọ̀ bó ṣe rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ńkọ́? Wọ́n ti lọ sí Àbújá àti Èkó. Kò sẹ́ni tó ń fọ́ kajú nínú wọn.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tílé wọn wà nítòsí ló dúró tì mí. Àwọn ni kí o kọ́kọ́ wá.

Má sì gbàgbé àwọn aṣojú oníbàárà India àti Vietnam. Wọ́n á gbé owó kajú tútù, èyí tá ò tíì fọ́, sókè mọ́ ọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kílò mẹ́rin tútù ló ń di kílò kan tó ṣeé jẹ. Ṣírò ìyẹn kó o tó ra ẹ̀rọ. La díẹ̀ wò nínú àpò kọ̀ọ̀kan kó o tó sanwó, wọ́n ń po ti èṣí mọ́ ọn. Àpò jútù ni kí o fi kó o, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, á bu.