Èsì: Ọmọ tó máa pé ogún ọdún lóṣù kẹwàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bùkọ́lá. Ẹ ní ọmọ yín máa pé 20 lóṣù kẹwàá, ẹ̀rù wá ń bà yín pé Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù U-20 (ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ogún ọdún lọ) ti àwọn obìnrin ti kọjá lórí ẹ̀. Kò tíì kọjá o. Ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó máa gé kéèkì. Fún ti Poland lọ́dún 2026, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006 ṣì wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú wa níbí. Oṣù kẹwàá 1994 ni wọ́n bí i, ó sì gbá ti Kánádà lóṣù kẹjọ 2014. Góòlù mẹ́rin ló fi jẹ Kòríà Àríwá níyà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, 6-2! Méje ni gbogbo góòlù tó jẹ nínú ìdíje náà. Jámánì ló bà á jẹ́ fún wa ní àṣekágbá, 1-0, lẹ́yìn àfikún àkókò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìwé gan-an ni kí ẹ mójú tó. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù lápá Ìgbógbó, ìwé iléèwé ẹ̀ ní 2005, páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ní 2006. Ibi àyẹ̀wò ni wọ́n ti dá a padà, bàtà tuntun ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. Ẹ yọ ìwé ọjọ́ìbí ọmọ yín jáde lálẹ́ òní, kí ẹ fi wé ti WAEC.