Mo jáwọ́ nínú sìgá fún ọjọ́ 43, mo tún padà sí i. Ṣé kí n ṣì gbìyànjú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 46. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń mu sìgá, bí ẹyọ 12 lóòjọ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti gbìyànjú àtijáwọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló pẹ́ jù, ọjọ́ 43. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń fàlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, a lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n gbé bíà wá, ọ̀rẹ́ mi na sìgá sí mi, mo gbà á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ ra odindi páàkì. Mo fi àkísà tútù nu gbogbo ìlà yẹn dànù. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ jáwọ́ mọ́. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ ni, àbí bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbìyànjú. Ìlà tí ẹ nù yẹn dùn mí ju sìgá tí ẹ mu lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Níkótíìnì, èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí ẹ bá ti fa èéfín símú, kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 lọ tó fi ń dé ọpọlọ. Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ ń fa ẹyọ kan kó tó tán, ẹyọ 12 ti di ìgbà 120 lójúmọ́ kan, fún ogún ọdún. Ara tí a fi nǹkan bẹ́ẹ̀ tọ́ kò ní ṣàì bínú bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oorun á dá, orí á máa fọ́, ebi á máa pani ṣáá, èèyàn á máa kanra mọ́ ọmọṣẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 43 ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibi tó ga jù lórí òkè yẹn, ẹ ti gùn ún kọjá. Ohun tó mú yín lóde òkú ni ìgò bíà tó wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rẹ́ tó jókòó tì yín, ìlù, àti òórùn èéfín. Ó ti pé ogún ọdún tí sìgá ti ń bá gbogbo wọn rìn. Láàrin ọjọ́ 43, ẹ kọ́ bí èèyàn ṣe ń jí láìwá sìgá, ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti máṣìn láìmu ún. Òde lílọ lẹ kò tíì kọ́.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn fún mi. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, ibo lẹ wà, ta lẹ wà pẹ̀lú, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ kan wà tí mo bá ṣe é, ìgbà kẹfà ló tó bọ́. Ìgbà tí a jọ kọ ọ́ sílẹ̀ la rí i pé gáréèjì ló ti ń padà sí i ní gbogbo ìgbà, tó bá ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀pà sápò, ó sì gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò níwájú àtẹ máláàmù tó ń ta sìgá lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbàdo. Nǹkan kékeré báyẹn ni.

Ọ̀rọ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyẹn, ẹ má sọ ọ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí kan ní University College London tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí èèyàn 96 tó fẹ́ sọ nǹkan tuntun di bárakú, bí èso jíjẹ tàbí eré sísá. Ó gba ẹni tó wà láàárín ní ọjọ́ 66. Ẹni tó tètè mọ́ lára lo ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ti ẹlòmíràn lè tó 254. Ẹni tó sì fo ọjọ́ kan láàárín kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Sìgá kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò o, mi ò sì ní tìtorí ẹ̀ sọ fún yín pé ẹyọ kan kò ṣe nǹkan kan. Ẹyọ kan léwu. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ẹyọ kan di páàkì ni èrò tí ẹ gbé sùn mọ́jú, pé "mo ti bà á jẹ́ náà nìyẹn." Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ju èyí tó kù nù níbẹ̀, ẹ dìde kúrò níbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì pe ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó di àárọ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kó tó pé, ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ yín yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó má na sìgá sí yín mọ́, bẹ́ ẹ tilẹ̀ bèèrè. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, móòtì ni kẹ́ ẹ máa mu lóde. Òfin ọdún 2015 kò fàyè gba títa sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, àmọ́ wọ́n ń tà á káàkiri, nítorí náà ẹ yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù padà bó bá gba iwájú àtẹ kọjá. Bí ọkàn yín bá fà sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń lò kó tó kọjá: ẹ mu omi, ẹ fi okùn sínú abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ẹ bi apòògùn nípa ṣingọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ra níkótíìnì, tó ń fún ara ní níkótíìnì díẹ̀ láìsí èéfín. Wọ́n ń ran èèyàn lọ́wọ́ gan-an. Bẹ́ ẹ bá ní àrùn ọkàn, ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Ìyàwó yín ti gbọ́ ìlérí tó pọ̀, ẹ má ṣe òmíràn fún un. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ fa ìlà 43 yẹn padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo wọn pátá. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ìkẹrìnlélógójì.