Ṣé pickup ló kú ni, àbí ọ̀nà ohùn ló dí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá oníná kan ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, irú Stratocaster, àmọ́ kì í ṣe ojúlówó, ti Ṣáínà ni. Pickup single-coil mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í já gaara. Tí mo bá yí fólúùmù sílẹ̀ díẹ̀ kí n má baà bo akọrin mọ́lẹ̀, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ó tún máa ń kùn bí oyin. Mo ti ń tu owó jọ láti fi ra pickup tuntun. Irú èwo ni kí n rà? Ṣé mo sì lè fi ọwọ́ ara mi so ó? Inú míkísà ni mo máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀ tààrà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi owó pickup yẹn sápò ná. Gbólóhùn tó o fi parí ọ̀rọ̀ ló jẹ́ kí n mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti ṣọ́ọ̀ṣì pé pickup wọn ti kú, koko lara pickup náà le. Ohun tó ń pa ohùn wọn kò tilẹ̀ sí nínú igi gìtá.

Wò ó báyìí. Irin òòfà ni pickup, tí wọ́n we wáyà tó tín-ín-rín bí irun mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wáyà wíwé yẹn ni kóìlì; ẹyọ kan ló wà nínú single-coil. Okùn gìtá tó jẹ́ irin á gbọ̀n lókè rẹ̀, iná táṣẹ́rẹ́ á sì jáde. Iná yẹn kò lágbára láti ru ẹrù. Ihò line tó wà lára míkísà sì rèé, nítorí kíbọ́ọ̀dù àti irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, nǹkan bí 10 kΩ ni ìdènà iná rẹ̀ (impedance) sábà máa ń jẹ́. Bí ìdènà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹrù tó ń gbé lé pickup lórí ṣe ń wúwo tó. Tí o bá so single-coil mọ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, gbogbo ohùn tó bá ti ga ju nǹkan bí 1,000 Hz lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ohun tí gìtá ń fẹ́ ni 1 MΩ, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Pickup tó wọ́n jù láyé, bí o bá kì í bọ ihò line, á dún bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn.

Nítorí náà, kó o tó tú ìdè kankan, yá DI box, àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín gìtá àti míkísà, lọ́wọ́ ẹnì kan fún ìsìn ọjọ́ Àìkú kan péré. Kó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì tàbí tó ń gba iná láti inú míkísà, nítorí àwọn yẹn ló máa ń ní 1 MΩ. Bí kò bá sí, pedal tó ní buffer nínú (ohun tó ń bá iná gìtá ru ẹrù), bíi tuner ti Boss, lè ṣe iṣẹ́ náà tí o bá fi sáàárín gìtá àti míkísà. Bí ohùn bá là lọ́jọ́ náà, o ti rí ìdajì ohun tó ò ń wá láìfọwọ́ kan gìtá.

Ohun kejì kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tẹ okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹfà níbi fret tó gbẹ̀yìn, kó o wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti orí pickup. Fún single-coil àtijọ́, 2.4 mm lábẹ́ okùn tó nípọn àti 2 mm lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín ni Fender fọwọ́ sí. Tí pickup bá jìnnà jù, ohùn á rẹ̀ wẹ̀sì. Tó bá sún mọ́ okùn jù, irin òòfà á máa fa okùn, ohùn á sì máa lọ́ bí ẹni pé gìtá náà kò ní túùnù. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nítorí ìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé screwdriver lásán ni oògùn rẹ̀.

Wàyí o, ká wọ inú igi. Lábẹ́ nóòbù kọ̀ọ̀kan ni pot kan wà, ìyẹn rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà) tí nóòbù ń yí. 250k ni wọ́n fi sínú Stratocaster látìgbà tó ti jáde lọ́dún 1954. Àwọn gìtá oní-humbucker, ìyẹn pickup oníkóìlì méjì, sábà máa ń lo 500k. Pot máa ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú ohùn òkè jò sínú wáyà áàtì, bí ẹ̀rọ omi tí a kò tì dáadáa. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni jíjò náà ṣe ń pọ̀ tó. Single-coil tó ti ń ta létí tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ kí díẹ̀ jò; humbucker tí ohùn rẹ̀ ti wú kò fẹ́.

Nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú, pot kéékèèké tí wọ́n kọ B500K sí lẹ́yìn ni mo sábà máa ń bá. Lẹ́tà yẹn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. B ń dín iná kù ní ìwọ̀n kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n etí wa kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀: o yí i dé ìdajì, ohùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, o dé nọ́ńbà 2, ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá etí mu ni A. A250K ni kó o béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, kó o sì fi mítà iná wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, torí èyí tí wọ́n kọ 250 sí lè jẹ́ 200 tàbí 300. Ìyẹn kì í ṣe èrú o, ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe é fàyè gbà nìyẹn. Yan èyí tó bá wù ọ́ nínú wọn: tí 300 bá wà, ohùn á tàn díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí yẹn ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀. Wáyà tó lọ láti gìtá sí míkísà ní kapásítọ̀ tirẹ̀ (ohun tí ohùn òkè ń gba inú rẹ̀ kọjá ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ) tí kò ṣeé fojú rí, nǹkan bí 100 pF fún mítà kan. Wáyà tó gùn tó mítà mẹ́fà á jẹ́ 600 pF. Nígbà tí fólúùmù bá ṣí tán, kò sí ohun tó dínà láàárín pickup àti wáyà. Gbàrà tí o bá yí i sílẹ̀, o ti fi rẹsísítọ̀ sí àárín wọn. Rẹsísítọ̀ yẹn àti 600 pF wáyà á wá gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n á gé ohùn òkè kúrò. Bí agbára pot 500k bá wà ní ìdajì gẹ́lẹ́, láti nǹkan bí 2,100 Hz ni wọ́n ti ń gé e. Bó bá jẹ́ 250k, ó di nǹkan bí 4,200 Hz. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn gan-an ni títa gìtá jùjú, tí gbogbo wa fi ń ta gìtá ìyìn, ń gbé. Abájọ tí ìwọ tó ò ń bọ̀wọ̀ fún akọrin fi ń jìyà ju ẹni tó ṣí fólúùmù gbayawu lọ.

Oògùn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní treble bleed. Ra kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 102 sí lára, ìyẹn 1 nF, àti rẹsísítọ̀ 150k. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó o sì sódà wọn mọ́ pot fólúùmù, láti ẹsẹ̀ tí pickup ń gbà wọlé dé ẹsẹ̀ àárín. Ohùn òkè á wá máa rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà kọjá. Má ṣe fo rẹsísítọ̀ yẹn: kapásítọ̀ nìkan á jẹ́ kí ohùn gbẹ bí agolo tí fólúùmù bá ti lọ sílẹ̀ jù. Ní Alábà, owó tí wàá fi wọ ọkọ̀ lọ lè ju owó wọn lọ.

Kapásítọ̀ ti nóòbù tóònù ńkọ́? Bí o bá rí 104 nínú gìtá rẹ, fi 473 rọ́pò rẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó má ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá yí i sílẹ̀ tán, lo 223. Àwọn kan á sọ fún ọ pé èyí tí wọ́n fi bébà àti òróró ṣe ló dùn jù. Mo ti bá oníbàárà fi í sí i, mo gbowó mi, n kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti èyí tó ní nọ́ńbà kan náà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó ku kíkùn. Ṣe àyẹ̀wò yìí: jẹ́ kó máa kùn, kó o wá gbé ọwọ́ lé okùn. Bí kíkùn bá dín kù, wáyà áàtì rẹ pé. Ara rẹ ló ń ṣiṣẹ́ bí eriali. Bí kò bá sí ìyípadà nígbà tí o fọwọ́ kan okùn, ṣùgbọ́n tó dín kù nígbà tí o fọwọ́ kan irin jáàkì, wáyà tó lọ sí bíríìjì, irin tí okùn jókòó lé, ti já. Bó bá wá ń pọ̀ sí i tí o bá fọwọ́ kàn án, ẹnì kan ti so wáyà méjì jáàkì lódì. Bí okùn bá sì ń gbé ọ nígbà tí ẹnu rẹ bá kan maikirofóònù, dẹ́kun títa á lọ́gán. Ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ adùn. Ẹ pe oníná kó wá wo áàtì ilé ìjọsìn yín.

Láti dín kíkùn kù, fi téèpù bàbà bo inú ihò igi àti ẹ̀yìn pléètì oníke, kí gbogbo rẹ̀ kan ara wọn, kó o sì so ó mọ́ wáyà áàtì. N kò ní tàn ọ́ jẹ o: téèpù kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ohun tí transformer àti àdápítọ̀ ń tú jáde máa ń gba inú bàbà kọjá wọ inú single-coil, àfi kó o sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí pickup àárín rẹ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n we lódì sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kíkùn á pòórá ní ipò kejì àti ìkẹrin swíìṣì. Ọgbọ́n yẹn náà ni Seth Lover lò ní Gibson lọ́dún 1955 nígbà tó ṣe humbucker: kóìlì méjì tó kọjú ìjà síra wọn lórí kíkùn, àmọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí orin.

O lè fọwọ́ ara rẹ ṣe gbogbo èyí. Ya fọ́tò inú rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lo irin sódà 40 W sókè àti sódà 60/40 tó ní rosin; má lo oògùn ìsódà tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò, ó máa ń jẹ wáyà. Fi sáńpépà ha ẹ̀yìn pot kí sódà lè dì í mú, má sì jẹ́ kí irin gbígbóná pẹ́ lórí rẹ̀. Kó o fi aṣọ bo igi pẹ̀lú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, sódà kán sórí gìtá pupa kan tí kì í ṣe tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sá fún olówó rẹ̀.

Bí o bá ṣe gbogbo èyí tán tí ọkàn rẹ ṣì wà lórí pickup, má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà fi nọ́ńbà kΩ ńlá fa ojú rẹ mọ́ra. Wáyà tí wọ́n we jù ń mú kí ohùn le, ó sì ń gba ohùn òkè lọ́wọ́ rẹ. Fún títa gìtá tó mọ́ bí tìrẹ, èyí tó ní irin òòfà irú Alnico 5, tó wà láàárín 5.5 sí 6.5 kΩ, ni èmi á mú. Wọn àlàfo tó wà láàárín orí irin òòfà kìíní àti ìkẹfà lára pickup rẹ kó o tó sanwó. Gbogbo wọn kò dọ́gba.

Lo DI yẹn ná. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, kó o sọ ohun tí mítà iná kà lórí pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti lẹ́tà tó wà lẹ́yìn àwọn pot rẹ.