Ilé bàbá wa ní Kabba tí a fẹ́ tà: kí ni ká fi owó kékeré tún ṣe?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí bàbá wa kọ́ sí Kabba ni èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́ tà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé inú rẹ̀. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Ẹnì kan ní ká ṣe P.O.P sí pálọ̀, ká sì tẹ́ táìlì tuntun kí owó ilé lè gòkè. Ṣé ká tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ fi P.O.P sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé àtijọ́ kì í wá ẹwà kiri níbẹ̀, ohun tó máa ná an lówó lẹ́yìn tó bá rà á tán ló ń wá. Bó bá ti ń wọlé, òkè ló máa kọ́kọ́ gbójú sí. Bó bá rí ibi tí omi ti rin àjà, kódà kó má ju ojú kan lọ, ó ti gbà pé gbogbo páànù ló bàjẹ́ nìyẹn, iye tó máa yọ kúrò nínú owó ilé yóò sì ju owó àtúnṣe lọ fíìfíì.

Nítorí náà, ẹ gbé káfíńtà gorí òrùlé kí àsìkò òjò tó parí, kó lè rí ibi tó ń jò gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, páànù kò ṣe nǹkan kan; rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ló ti gbó. Bí àjà bá gbẹ tán, ẹ má kàn fi ọ̀dà olómi kun ojú ibẹ̀, àmì omi náà yóò tún yọ jáde. Gloss, ìyẹn ọ̀dà elépo, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á, kó gbẹ, kí ẹ tó fi ọ̀dà olómi lé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ asbestos ni wọ́n fi ṣe àjà náà, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kó fi sáńpépà ha á. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ kùn ún síbẹ̀.

Ẹ wo ìdí ògiri pẹ̀lú. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ń ṣí, omi ló ń gòkè láti ilẹ̀. Ẹ yẹ ìta wò: bóyá iyẹ̀pẹ̀ ti ga mọ́ ògiri, tàbí ibẹ̀ ni omi òrùlé ń dà sí. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ náà, ẹ lànà fún omi. Bí bíríkìlà bá tún ibẹ̀ rẹ́, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí akunlé tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀dà ni kí ẹ wá fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín rà. Àwọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ lò fún gbogbo inú ilé. Lítà kan máa ń kun nǹkan bí ògiri tó gùn ní mítà 5, tó sì ga ní mítà 2, lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ fúnra yín wọn ògiri kí ẹ tó bá akunlé lọ sọ́jà. (Mi ò sọ pé olè ni wọ́n o.) Níta, ẹ fi àwọ̀ igi kun ìdí ògiri dé orúnkún, torí ilẹ̀ pupa wa tí òjò máa ń ta sí i. Ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó mú janjan, ló dára jù láti kun ìta. Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.

Ohun tí ẹ ò bi mí ni òórùn. Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, omi tó ń dúró sínú páìpù abẹ́ balùwẹ̀ àti ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì máa ń gbẹ, òórùn sókàwéè á sì gba ibẹ̀ wọlé. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan ti tó, ẹ máa tún un dà títí ilé yóò fi tà.

Ti táìlì, bí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ bá ṣì le, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dí ibi tó là. Ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà bò ó, oníbàárà yóò ṣí i wò. Ẹ pààrọ̀ lúfà tó fọ́ àti nẹ́ẹ̀tì tó ya. Ẹ yọ gbogbo kàlẹ́ńdà ìsìnkú tó wà lára ògiri pálọ̀, ẹ kó àwòrán bàbá lọ sílé tiyín, ẹ sì gbé àwọn àga ńláńlá kúrò.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ilé bàbá ni ẹ pè é. Kí olórí ẹbí àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ti fọwọ́ sí títà rẹ̀ kí ẹ tó ra ọ̀dà, torí òfin kò gbè sẹ́yìn ẹni tó dá ilé ẹbí tà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ilé lọ́dọ̀ wa, Abuja tàbí Èkó ni wọ́n wà, orí WhatsApp ni wọn yóò ti kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ ni kí ẹ ya fọ́tò, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì ya ti balùwẹ̀ mọ́ ọn, torí ẹni tí kò bá rí i yóò rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́.